Bí Ìrẹsì Yèyé Mi Ṣe Wọn Ọ̀nà Róòmù

Ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀yin ará Ìgbẹmọ, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń yà sí ìsọ̀ mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ láti bi mí pé, "Ìyá Bísí, báwo lọ̀hún ṣe rí?", mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo wá jókòó, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ gbọ́, kó fà á yọ níbi tí mo gbé e kọ́ sí, kó kà á, kó sì ra bírò kan tó bá kà á tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: Róòmù kò jìnnà. Èkó ló jìnnà. Ọkọ̀ tó gbé wa láti Adó lọ sí Èkó lo ju wákàtí méje lọ, nítorí táyà tó jò àti àwọn ọlọ́pàá tó ń dá wa dúró. Bàálù tó gbé wa láti Èkó lọ sí Róòmù ìbá lo wákàtí márùn-ún ààbọ̀, bí kò bá yà sí ibì kankan. Mo ní "bí kò bá yà". Ibi tó yà sí yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá wa padà sílé.

Òwú pupa

Ìwé, bírò, chọ́ọ̀kì àti máàpù ni mo ń tà. Mi ò lọ sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, ilé ìwé kan ní kí n bá àwọn ra glóòbù, bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n ya gbogbo ayé sí, wọn kò sì wá gbà á mọ́. Ó dúró sí ìsọ̀ mi. Nígbà tí kò bá sí oníbàárà, èmi àti òun la jọ ń wo ara wa. Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, orí máàpù pẹlẹbẹ ni mo ti ń fi rúlà wọn ọ̀nà, mo sì ń ṣìṣe láìmọ̀. Máàpù pẹlẹbẹ máa ń na ayé bí ẹni na rọ́bà, pàápàá lápá òkè. Ayé kò pẹlẹbẹ. Orí glóòbù ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ gba òwú, ẹ fi ìka mú orí kan mọ́ ìlú tí ẹ ti ń bọ̀, ẹ fa orí kejì dé ìlú tí ẹ ń lọ, kí ó le dáadáa. Ibi tí òwú bá gbà ni ọ̀nà bàálù. Ẹ fi òwú kan náà yí àárín glóòbù ká: ìyẹn ni gbogbo ìyípo ayé, ọ̀kẹ́ méjì kìlómítà. Èyí tó kù, ìṣirò ni.

Àlàájì Ráṣídì, aránṣọ tí ìsọ̀ wọn kángun sí tèmi, ló fún mi ní òwú náà, pupa fòò. Nígbà tí wọ́n ń lọ sí Mẹ́kà, mo sọ fún wọn pé láti Kano dé Jẹ́dà tí bàálù wọn yóò sọ̀ sí, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí wọ́n fi wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, kí wọ́n tó kí ìyàwó wọn tán ni wọ́n ti ń kígbe láti ọ̀ọ́kán: "Ìyá Bísí! Wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ géérégé! Ta ló sọ fún ọ?"

"Òwú yín ni, Àlàájì."

"Òwú tí mo fi ń rán ṣòkòtò?"

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Adébáyọ̀ ti ń pè mí ní Aláfẹ́fẹ́. Mi ò bínú sí i. Orúkọ tó wù mí ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí mo wọn Èkó sí Róòmù, tí mo ká òwú tó yí ayé ká sí mẹ́wàá, ìká kan péré ló bá a dọ́gba. Ẹgbàajì kìlómítà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ayé ló wà láàárín ìyá mi àti àbúrò mi.

Àdéhùn ní Ìgbẹmọ

Jídé ni àbúrò mi yẹn. Ó ti pẹ́ ní Róòmù tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di fàdá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í joyè díákónì, èyí tó ṣáájú ti fàdá, Yèyé mi di ẹrù, ó dé Èkó, ó dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú gan-an. Ó gbọ́ bí bàálù ṣe ń bú. Ó jókòó lé ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí a kò bẹ̀ ẹ́. Ilé la padà sí, Jídé sì joyè láìsí ẹnikẹ́ni tirẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ti fàdá. Jídé fi tẹlifóònù pè mí, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbé Yèyé wá. Aṣọ ọwọ́ mi, mi ò ní ẹlòmíràn tí màá fún."

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Kátólíìkì lè má mọ̀ nípa aṣọ yìí. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá fi òróró yan ọwọ́ àlùfáà tuntun, aṣọ funfun kan wà tí wọ́n fi ń nu òróró náà. Ìyá àlùfáà ni wọ́n ń fi aṣọ náà fún. Yóò tọ́jú rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, wọn yóò sì fi sí i lọ́wọ́ nínú pósí, kí wọ́n lè mọ̀ lọ́run pé ó bí àlùfáà.

Mo gba Ìgbẹmọ lọ. Mo bá Yèyé níwájú ilé, ó sá ìrẹsì tó bọ̀ sórí ẹní, ó ń fẹsẹ̀ yí i. Gbogbo yín lẹ mọ ìrẹsì Ìgbẹmọ. Ẹni tó bá ń sè é ní Adó, àwọn ará Ìjan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Jídé rán mi. Kò dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń lọ nínú ìrẹsì.

"Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "ẹ rò pé òkè ni mò ń bẹ̀rù. Èmi tí mo gun ọ̀pẹ nígbà tí mo wà lọ́mọdé! Ohun tí mi ò mọ ìgbà tí yóò parí ni mò ń bẹ̀rù. Mo bi gbogbo wọn ní Èkó lọ́jọ́ náà pé báwo ló ṣe máa pẹ́ tó. 'Kò ní pẹ́, Màmá. Kò ní pẹ́.' Ẹni tó bá ní kò ní pẹ́, kò mọ̀ ọ́n ni."

Mo fẹ́ dárúkọ wákàtí, mo rántí pé Yèyé kì í so aago. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yèyé, nínú ọyẹ́ báyìí, tí ẹ bá sá ìrẹsì lówùúrọ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń yí i kí ẹ tó kó o?"

"Tí oòrùn bá ṣe dáadáa? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún."

Mo ti jókòó tì í rí, mo sì mọ̀ pé wákàtí kan ló máa ń wà láàárín yíyí kan sí èkejì, kì í yẹ̀. Mo ní, "Ó dáa. Tí bàálù bá gbéra, ẹ sá ìrẹsì. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ẹ bá ṣe ń kó o nílẹ̀, Róòmù nìyẹn."

Ó dúró. Ó wò mí lójú.

"Ṣé òwú rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òwú mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n gbọ́ o: mi ò ní gbọ́ 'kò ní pẹ́' lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ùrìn náà bá yàtọ̀ sí bí o ti sọ ọ́, màá sọ̀ kalẹ̀, màá máa bọ̀ ní ulé mi."

Ọ̀rá lórí ìrẹsì

Òwúrọ̀ ni bàálù gbéra. Yèyé di ọwọ́ mi mú títí ilé fi kéré bí ìṣáná. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀ bàálù, ó ní, "Mo ti sá a." Mo wo aago. Nígbà tí wákàtí kan pé, mo fọwọ́ kàn án, ó sì rọra fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yí ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò rí, láti ọ̀tún sí òsì, bó ṣe máa ń ṣe níwájú ilé. Ọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rò pé ijó ló ń jó.

Kò pẹ́ sígbà náà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Ohùn kan sọ̀rọ̀ lókè pé a fẹ́ yà ní Kano láti kó èrò.

Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi nígbà tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

"A ti dé?" Yèyé béèrè. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo yí i."

"Kano nìyí, Yèyé. Wọ́n fẹ́ kó èrò."

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, eruku ọyẹ́ wọlé, Yèyé sì wọ bàtà rẹ̀. Ó dìde. Ó fa báàgì rẹ̀ jáde lábẹ́ àga.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́."

"O kò sọ fún mi pé yóò yà."

Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò sáré wá. "Màmá, ẹ jókòó, kò ní pẹ́ tí a ó fi gbéra."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an! Yèyé yíjú sí mi bí ẹni pé òun ti sọ fún mi. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wa ní, "Màmá, kò sí mọ́tò Adó ní pápákọ̀ yìí o." Yèyé ní, "Màá fẹsẹ̀ rìn. Mo mọ ilẹ̀."

Mo ń wo báàgì ọwọ́ rẹ̀, ojú Jídé ló sì ń wá sí mi lọ́kàn, ojú ẹni tí yóò mú aṣọ funfun dání tí kò ní rí ẹni fún. Mo tú àpò mi, mo yọ òwú pupa, èyí tí mo gé bá ìwọ̀n Èkó sí Róòmù.

"Yèyé, ẹ mú orí yìí. Èkó nìyẹn. Èmi mú Róòmù dání." Ó mú un, ṣùgbọ́n kò jókòó. "Ọ̀nà tí mo sọ fún yín nìyí, tààrà. Ẹ wá wo Kano." Mo fi ìka kan ti òwú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí Kano wà. "Ẹ fi ọwọ́ yín fà á. Ṣé ẹ rí iye tó fi gùn sí i?"

Ó fà á. Ó wò ó sún mọ́ ojú.

"Kò tó hóró ìrẹsì kan," ó ní.

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Ogóje kìlómítà, bí Adó sí Ifẹ̀ lásán. Ojú ọ̀nà wa ni Kano wà."

"Ó dáa. Báwo la ṣe máa pẹ́ tó níbí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, "kò ní pẹ́" wà lórí ahọ́n mi, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Mo gbé e mì.

"Mi ò mọ̀, Yèyé. Òwú kì í wọn ìdúró."

Ó wo ojú fèrèsé. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, oòrùn kò hàn dáadáa.

"Ojú ọjọ́ ṣú," ó ní. Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ padà. Ó fa ìborùn rẹ̀ láti èjìká, ó tẹ́ ẹ lé ẹsẹ̀ méjèèjì. "Tí ojú ọjọ́ bá ṣú sórí ìrẹsì, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ló ń sáré kó o wọlé. A ó fi ọ̀rá bò ó ni, a ó sì jókòó tì í. Ìgbà tí ọ̀rá bá fi wà lórí rẹ̀, a kì í kà á mọ́ oòrùn. Má wo aago mọ́ títí wọn yóò fi gbéra."

Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ wa rọra gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sẹ́yìn, kó má baà tẹ ìrẹsì.

Nígbà tí bàálù tún gbéra, Yèyé ká ìborùn kúrò, ó ní, "Ó yá, kà á lọ." A kọjá lórí aṣálẹ̀, iyanrìn pupa rẹ́rẹ́ tí kò ní igi, tí kò ní ilé, fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tí Yèyé mi súfèé. "Àbẹ̀kẹ́! Irú ibi ìsá-ìrẹsì wo nìyí! Gbogbo ìrẹsì Èkìtì gbà á, kò ní kún!" Ó yí ìrẹsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta lórí aṣálẹ̀ yẹn. A yí ìkẹrin nígbà tí òkun hàn. A yí ìkarùn-ún, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Yèyé tẹ̀ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì kó ohun tí kò sí nílẹ̀, ó dà á sínú ìborùn rẹ̀, ó dì í. Táyà kan ilẹ̀.

"Òwú rẹ kò purọ́," ó ní.

Mo ti gba oríṣiríṣi oríyìn láyé mi. Kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Àwọn ará Róòmù

Aago wọn àti aago wa bákan náà ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ wa, bó bá jẹ́ aago mẹ́rin ní Adó, aago mẹ́rin ni ní Róòmù, torí òkè wa gan-an ni wọ́n wà, wọn kò yà púpọ̀ sí ìlà-oòrùn. Ìgbà ooru wọn nìkan ni wọ́n máa ń ti aago síwájú. Ṣùgbọ́n oòrùn wọn ń yára wọ̀. Yèyé ní, "Àwọn ará ibí á tètè máa kó ìrẹsì nílẹ̀."

Òtútù wọn kì í ṣe ọyẹ́. Ọyẹ́ ń gbẹ awọ, tiwọn ń wọ inú egungun. Ní pápákọ̀, òṣìṣẹ́ kan ní kí a tú ẹrù, ó sì fẹ́ ti ọwọ́ bọ àpò ìrẹsì. Yèyé gbá ọwọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́: "Fọ ọwọ́ ná!" Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn ìyá. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn, ẹ ó rò pé ìjà ló dé. Bí ènìyàn bá dúró láti wo wá, á wò wá tẹ́rùn, kò ní mójú kúrò, àwa náà sì wò wọ́n padà. Bàbá arúgbó kan dìde fún Yèyé nínú bọ́ọ̀sì, Yèyé sì gbàdúrà fún un títí tó fi sọ̀. Obìnrin Yorùbá kan tó wà lẹ́yìn gbọ́ àdúrà náà, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀yin ará Èkìtì! Kò sí ibi tí ẹ lè sá pa mọ́ sí. Ẹ ò gbé iyán wá?" Yèyé ní, "Ọmọ mi, odó ni kò wọ bàálù."

Ilé àwọn sísítà, àwọn obìnrin tó fi ara wọn fún Ọlọ́run, ni Jídé mú wa lọ. Sísítà Kiara ló ń dáná, obìnrin sísanra tó ń kọrin sí ìkòkò. Ìrẹsì ló sè lálẹ́ àkọ́kọ́. Ó dúró tì í, ó ń rò ó, ó ń rò ó, ó ń bu omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, kò sì bo ìkòkò. Yèyé kò lè mú un mọ́ra.

"Jídé, sọ fún un pé ìrẹsì kì í ṣe ẹ̀kọ."

Jídé túmọ̀ rẹ̀. Sísítà dáhùn láìwẹ̀yìn. Jídé ní, "Ó ní ẹni tó bá bo ìrẹsì, oorun ló fẹ́ lọ sùn."

"Ó ní ẹnu!" Inú Yèyé dùn. "Ọ̀la, èmi ni màá dáná."

Lọ́jọ́ kejì, Yèyé ṣa òkúta inú ìrẹsì rẹ̀, ó gbé e kaná, ó bò ó, ó jókòó, ó ká apá rẹ̀ jọ. Sísítà kọ́kọ́ yínmú sí àwọ̀ ìrẹsì náà tí kò funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn náà dìde, àwọn sísítà tó wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àwọn ń wá omi mu. Sísítà Kiara jẹ àwo kìíní, ó jẹ èkejì, ó béèrè pé níbo ni ilẹ̀ tó ń hu irú èyí wà, ṣé ó jìnnà.

Yèyé ní, "Sọ fún un pé kò jìnnà. Ìsá ìrẹsì kan ni, pẹ̀lú ojú ọjọ́ tó ṣú lẹ́ẹ̀kan."

Aṣọ funfun

Lọ́jọ́ oyè, Jídé dojú bolẹ̀ gbalaja níwájú pẹpẹ, Yèyé sì mú apá mi dání. Nígbà tí wọ́n nu òróró lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìsìn parí, ó bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ wa. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Yèyé ti kúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Yèyé, ẹ dìde. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

"Ta ló ń kúnlẹ̀ fún ọ? Ọwọ́ yẹn ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Súre fún mi, kí o sì fún mi ní aṣọ mi."

Ó súre fún un. Yèyé gba aṣọ náà, ó gbé e sí imú, ó ká a, ó sì fi sínú ìborùn tó fi bo ẹsẹ̀ ní Kano. Ó dì í ní kókó méjì.

Ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀

A ti dé. Jídé ti di Fàdá Jídé, Yèyé ti padà sí ìrẹsì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá sí Adó, ó jókòó ní ìsọ̀ mi, ó ní kí n fi ọ̀nà tí a rìn han òun lórí glóòbù. Àlàájì Ráṣídì fi ìránṣọ sílẹ̀ wá wò ó. Mo mú òwú pupa, mo fi orí rẹ̀ lé Èkó.

"Kí lo ń ṣe ní Èkó?" Yèyé béèrè. "Ṣé Èkó ni mo bí Jídé sí?"

"Yèyé, ibẹ̀ ni pápákọ̀ wà."

"Mi ò bi ọ́ nípa pápákọ̀. Níbo ni ọmọ náà ti jáde?"

Ìgbẹmọ kò sí lórí glóòbù. Adó pàápàá kò sí níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àwọn tó ń ya glóòbù kò tíì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ó yẹ kó wà. Mo fi ṣóńṣó bírò tọ́ka sí i. Yèyé gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé e, ó tẹ orí òwú mọ́ ọn. Mo fa òwú náà le, tààrà, lórí aṣálẹ̀, lórí òkun, dé Róòmù.

Òwú náà ṣẹ́kù.

Àlàájì tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ó ṣẹ́kù, àbí ojú mi ni?"

Ojú wọn kọ́. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú wọn: nǹkan bí àádọ́sàn-án kìlómítà. Ìgbẹmọ sún mọ́ Róòmù ju Èkó lọ. Kò sí ẹni tó fi ọkàn sí i rí, nítorí gbogbo wa, Èkó la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.

Yèyé wo orí òwú tó yọ síta. Ó gùn tó hóró ìrẹsì kan.

"Èyí tó ṣẹ́kù yìí ńkọ́?" Àlàájì bi í.

"Ti Èkó nìyẹn," Yèyé ní, ó ń tún ìborùn rẹ̀ dì. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ nínú yín, kó bá mi dá a padà fún wọn."